Òkúta Ìsàlẹ̀

"Ṣé ẹja ti dé?"

Ohun tí Bàbá Àgbà máa ń bi ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà á ní kò tíì dé. Ojú bàbá ń ṣú díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ pé kò sí gíláàsì tó lè dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì wù ú láti rí ni ẹja nínú odò ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ara-ò-balẹ̀ ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin yìí, orúkọ sì ń ro ó. Kò lè jẹun tán láìdìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ ojú bàbá wá tún dá kún un.

Ẹja ti kú tán nínú odò náà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Omi kíkan ló ń ṣàn wọ̀ ọ́ láti inú ihò èédú tó wà lórí òkè, àwọn tó wà á sì ti kó irinṣẹ́ wọn lọ tipẹ́. Nígbà tó sú ará àdúgbò, wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn kan, wọ́n kó òkúta ẹfun kún un, kí omi náà máa gba àárín rẹ̀ kọjá, kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀ kó tó dé odò. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí pupa máa ń bo àwọn òkúta náà. Bí wọn ò bá yí wọn kí wọ́n sì fọ̀ wọ́n, asán ni. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń ṣe é ní Sátidé, kálukú níbi tirẹ̀. Tíṣà wọn ń sin ọmọ ẹja nínú táǹkì lẹ́yìn kíláàsì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà wọ́n sódò títí òun á fi dán omi wò.

Iṣẹ́ òkúta yìí sú Ara-ò-balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ tòkè nìkan, á fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀, á sá lọ. Ta ló fẹ́ bẹ ìsàlẹ̀ wò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i pé omi odò ti mọ́ gaara. Kí ni wọ́n tún ń dúró dè? Tíṣà wà ní ìpàdé. Ó gbọ́n gbogbo ẹja inú táǹkì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa bàbá lọ́wọ́ dé etí odò, ó sì dà wọ́n sí i.

"Mo rí wọn," ni bàbá wí.

Kí ayọ̀ náà tó délé, ẹja kan yí ikùn sókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Láìpẹ́ gbogbo wọn léfòó, funfun lójú omi. Bàbá rí ìyẹn náà.

Kò bínú, ohun tó sì dun ọmọ náà jù nìyẹn. Bàbá jókòó sílẹ̀.

"Omi inú ihò yẹn, mímọ́ ló máa ń mọ́ nígbà tá a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń jẹ bàtà mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ìkánjú la fi ba odò yìí jẹ́, ọmọ mi. Èédú là ń wò, a ò wẹ̀yìn ọ̀la. Ìkánjú kọ́ la ó fi tún un ṣe."

Ọmọ náà lọ jẹ́wọ́ fún tíṣà, ti ẹja àti ti òkúta. Tíṣà ní kó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Apẹja-má-jẹ. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó ń fọ òkúta lọ.

Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ọmọ ẹja mìíràn. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí tíṣà fi máa sọ pé omi ti dáa, tí wọ́n sì da ẹja sódò, ojú bàbá ti ṣú pátápátá.

Ara-ò-balẹ̀ mú un lọ sétí odò, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi, ó jókòó tì í. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, kò dìde lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan kan fi ìrù gbá ọwọ́ bàbá.

"Ó ti dé," ni bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ká ní ó fọ òkúta ìsàlẹ̀ nígbà náà ni, ojú ni bàbá ì bá fi rí ẹja tó yè nínú odò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ló gba ohun tó ń kánjú sí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tójú èèyàn ò tó nínú iṣẹ́ yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀.