Irọ́ Tó Fẹ́ Gba Ilé Lọ́wọ́ Wọn

"Ṣé àwọn òbí rẹ ní ilé kankan níbòmíràn?"

Alhája Jàrátù ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń pín ilé ìjọba ní Ọ̀mù-Àrán ló rán an wá wo yàrá méjì tí Kíkẹ́lọmọ, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ há mọ́. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Owó oṣù wọn ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò lè kọ́lé. Irú wọn gan-an ni ìjọba torí ẹ̀ gbówó kalẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tuntun sẹ́yìn ìlú, kí wọ́n lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti nílé tirẹ̀ kò lè rí i gbà.

Àwọn òbí Kíkẹ́lọmọ ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé bàbá àgbà ní Àràndún, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣọdún Kérésì. Success, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kàwé, rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Rárá, mà," ni Kíkẹ́lọmọ dáhùn. "Bá a bá lọ sí Àràndún pàápàá, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi la máa ń wọ̀ sí."

Bí Alhája ṣe jáde ni Success pàtẹ́wọ́. "O gbọ́n! Ilé ti dọ́wọ́ yín nìyẹn."

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ọ́fíìsì tó ń pín ilé wọlé tòun ti ojú kíkorò. "Wọ́n ti yọ wá kúrò. Mo ti sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ilé bàbá mi wà ní Àràndún. Wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ nílé wa yàtọ̀, pé òpùrọ́ ni wá."

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ gbì. "Èmi ni, sà. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọn ò ní fún wa tí wọ́n bá mọ̀."

"Ilé ẹbí ni, Kíkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo ọmọ bàbá àgbà ló ni ín. Kò dí wa lọ́wọ́ rárá."

Success ní kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà á tán nílẹ̀. Kíkẹ́lọmọ kò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ sílé ìwé, ó gba ọ́fíìsì lọ.

"Alhája, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo parọ́. Àwọn òbí mi ò mọ̀ sí i."

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

Alhája fa ìwé orúkọ jáde. "Ilé tó yẹ kó kàn yín ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mi ò sì lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fọwọ́ sí owó láti kọ́ sí i. Màá dá orúkọ bàbá rẹ padà."

Ojú wọn ni àwọn aládùúgbò kan ṣe kó lọ sílé tuntun. Kíkẹ́lọmọ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì há mọ́ yàrá méjì fún bí ọdún kan, kí kọ́kọ́rọ́ tiwọn tó dé. Ìyá rẹ̀ nà án sí i pé kó ṣílẹ̀kùn.

Success tó bá wọn gbé ẹrù rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire o! Ilé kúkú padà dé."

"Ó dé," ni Kíkẹ́lọmọ fèsì, "ṣùgbọ́n irọ́ mi ló jẹ́ kó pẹ́. Òtítọ́ ló sì mú un padà. Ẹ̀tọ́ wa ni tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí n fi irọ́ wá a."

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ilẹ̀kùn, ó yí i, gbogbo wọn sì wọlé.