Télọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yà

Nínú igba ènìyàn ó lé méjìlá tó ń gbé ìlú náà, Ẹ-Má-Bínú ti pa igba ó lé mọ́kànlá kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó ti pa oníbodè, ó ti pa adájọ́, ó ti pa ọkùnrin kan tí kò ṣe ju pé ó yọjú lójú fèrèsé. Ẹyọ ẹnì kan péré ló ṣẹ́kù, télọ̀ kan tó jókòó nídìí máṣíìnì rẹ̀ ní ìparí òpópónà kẹta. Nígbà tí Ẹ-Má-Bínú dé iwájú rẹ̀ tòun tọ̀bẹ, télọ̀ náà kò sá, kò sì pariwo. Ó gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ kọjá lórí ọ̀bẹ, ó kọjá lórí ọwọ́ tó mú un, ó sì wá bà lé Ẹ-Má-Bínú fúnra rẹ̀, obìnrin tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ má baà rò pé ìtàn apààyàn ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé. Inú géèmù ni ìlú náà wà. Nínú yàrá gígùn kan ní àjà kẹta ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n ti ń ṣe é, iṣẹ́ Ẹ-Má-Bínú sì ni kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dọ́wọ́ àwọn tí yóò rà á. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú géèmù náà gbọ́dọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣubú bó ṣe yẹ. Òkú mìíràn a máa rì wọnú ilẹ̀ títí dé ọrùn. Òkú mìíràn á ti kú tán, á sì tún máa kí ènìyàn pé ẹ kú ọ̀sán. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó kú lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹrin bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni Ẹ-Má-Bínú ń kọ sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ ìnagijẹ náà kò ṣàdédé wá. Kì í pa ẹnikẹ́ni láti ẹ̀yìn. Bí ẹni tó kàn bá kọ ẹ̀yìn sí i, á rìn yí i po, á dúró níwájú rẹ̀, á sì rọra wí pé, "Ẹ má bínú o, iṣẹ́ ni," kí ó tó ṣe ohun tí wọ́n gbà á fún. Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ó ní òfin mìíràn pẹ̀lú. Kì í pa ọmọdé, ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọmọdé nínú ìlú náà. Nílé, nínú géèmù tó fi ń najú, kì í pa ẹni tó bá ti kúnlẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni," ni ó máa ń wí bí wọ́n bá dà á láàmú jù, "ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kì í ṣe ẹ̀rọ."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ náà ló sọ ọ́ fún télọ̀ yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. "Ẹ má bínú o, iṣẹ́ ni."

Télọ̀ náà há abẹ́rẹ́ mẹ́ta sáàárín ètè. Igun ẹnu ló fi dáhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nínú íáfóònù tó wà létí obìnrin náà.

"Ẹ̀yìn rẹ ti tẹ̀. Jókòó dáadáa."

Ẹ-Má-Bínú jókòó dáadáa. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ràn kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un kẹ́yìn.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ni ó ti ń ránṣọ, bí ó bá sì rí ọmọ tó tẹ ẹ̀yìn níbi tó ti ń kàwé, á fi igun ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ pé kí ó jókòó dáadáa, aṣọ kì í dúró lára ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ẹ-Má-Bínú nígbà tí bàbá náà kú lójijì. Ó wà nílùú mìíràn, ó ń ṣèdánwò, wọ́n sì ti sin ín kí ó tó délé. Kò rí òkú rẹ̀. Máṣíìnì tí wọ́n fi aṣọ bò ni wọ́n fi hàn án.

Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Télọ̀ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà wò, ó fi ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì, ó sì fi eyín apá òsì gé òwú. Èékánná ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ là sí méjì ní òòró. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó bí Ẹ-Má-Bínú. Nígbà tó wà ní kékeré, ó fẹ́ràn láti máa fọwọ́ pa á.

Ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, kò kọ ohunkóhun síwájú orúkọ télọ̀, ó sì lọ bá ayàwòrán nídìí tábìlì tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lárìíwísí ni ayàwòrán, òun ló ya gbogbo òpópónà ìlú náà àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

"Télọ̀ òpópónà kẹta," ni Ẹ-Má-Bínú wí. "Ta lo wò tí o fi yà á?"

Ayàwòrán wo ẹ̀yìn kí ó tó dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, máṣíìnì ni mo yà. Mo ya àga, mo ya ilẹ̀kùn. Èèyàn ò sí níbẹ̀. Àyè ò gbà wá mọ́, la bá fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀ lófìfo."

"Ẹnì kan wà níbẹ̀ báyìí."

"Mo ti rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá ló gbé e wá láti ibòmíràn." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ sí i. "Mo wá a nínú gbogbo ohun tí a ti yà láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ gan-an, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ńṣe ló rìn wọlé. Mo kàn fi í sílẹ̀ ni, torí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Ìdáhùn náà ló jẹ́ kó yé Ẹ-Má-Bínú. Ẹni tó bá gbé lọ́dọ̀ àgbà á ti gbọ́ nípa akúdàáyà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó fi kú kì í lọ tààrà. Ó máa ń ṣí lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á gba ṣọ́ọ̀bù, á máa ṣe iṣẹ́ tó mọ̀, jẹ́jẹ́, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá dé, tó sì pè é bí ó ti máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ni á dìde, wọn kò sì ní rí i níbẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, ìlú tó jìnnà pọ̀. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí àwòrán ń dé ibi tí ẹsẹ̀ kò dé, ibo ló tún jìnnà? Bóyá ìdí nìyẹn tí télọ̀ kan fi wá ìlú tó jẹ́ pé yíyà ni wọ́n ya gbogbo ará ibẹ̀, tó sì rí ṣọ́ọ̀bù òfìfo.

Ẹ̀rù bà á ní Mọ́ńdè. Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè, ayọ̀ ti borí ẹ̀rù. Bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun ọ̀sán, á wọnú ìlú náà lọ, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á kí télọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, télọ̀ á sì mi orí. Kò pè é. Ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Máṣíìnì á máa dún, oòrùn inú géèmù á máa rọra yí, òun náà á máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó nà dáadáa. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn báyẹn kẹ́yìn.

Ọ̀gá wá bá a lọ́sàn-án Tọ́sìdeè. Obìnrin tó máa ń kánjú ni, ṣùgbọ́n kò níkà nínú.

"Ẹ-Má-Bínú, ẹyọ kan ló kù lórí ìwé yín o. Ọ̀la ni géèmù yìí ń jáde."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò lè sọ télọ̀ yẹn di ẹni tí kò ṣeé pa?"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Kí la kọ sára páálí rẹ̀? 'Kò sẹ́ni tí kò lè kú.' Ohun tí wọ́n fẹ́ rà gan-an nìyẹn. Tí ẹ bá dá a sí lónìí, ẹgbẹ̀rún èèyàn máa pa á lọ́la, wọ́n á tún pa á lọ́tùn-únla. Tí ọwọ́ yín ò bá gbé e, màá bá yín ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n gba ìpè kan, mo ń bọ̀."

Ẹ-Má-Bínú ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí láti Mọ́ńdè, ó kàn ń sá fún un ni. Ó rí wọn lọ́kàn rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀, nínú yàrá tí kò lè dé láé, tí wọ́n ń yọ́ wá sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Wọn kò ní rìn yí i po. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹ má bínú. Bí ó bá sì ti ṣubú tán, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti tún un pa, nítorí pé ó dùn.

Ọ̀nà kan péré ló wà tó fi lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wá a, ọjọ́ mẹ́rin ló rí i. Ó sunkún, kò fi pamọ́. Ó yọ íáfóònù sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń gbé ohùn wọnú kọ̀ǹpútà náà, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

"Bàbá mi."

Máṣíìnì dúró.

Télọ̀ náà yọ abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Íáfóònù wà lórí tábìlì, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ dún kedere nínú yàrá náà.

"O kò tètè pè mí."

"Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ni, sà."

"Mo mọ̀." Ó wo ọ̀bẹ tí ọmọ rẹ̀ sọ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láti Mọ́ńdè, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Iṣẹ́ ni, àbí? Mi ò bínú."

Ó ká aṣọ tó ń rán, ó mú àlùmágàjí rẹ̀ dání, ó bo máṣíìnì, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ó rìn gba iwájú ilé adájọ́, ó rìn kọjá ẹnubodè. Níwájú, níbi tí àwọn tó ṣe géèmù ti fi ògiri tí ojú kò rí dí ayé náà pa, ibi tí Ẹ-Má-Bínú ti forí gbá lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ rékọjá bí ẹni tó fo gọ́tà, ó sì lọ.

Nígbà tí ọ̀gá padà dé, igba ó lé mọ́kànlá ni gbogbo orúkọ tó wà lórí ìwé, gbogbo wọn ló sì ti kú dáadáa. Ọ̀gá họ orí. "Kí ni mo tiẹ̀ ní kí ẹ bá mi ṣe?" ni ó béèrè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ayàwòrán nìkan ló wo ojú Ẹ-Má-Bínú láti ọ̀nà jíjìn, tó sì tẹrí ba díẹ̀ lórí àga rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí fóònù. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí bàbá wọn kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣì ń di ẹrù sínú ọkọ̀, mo wá ń ṣe géèmù oko mi. Ẹ wò ó, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé abúlé yẹn o. Mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta, mi ò rí télọ̀ níbẹ̀ rí."

Lábẹ́ ohùn rẹ̀, máṣíìnì ìránṣọ kan ń dún. Ẹ-Má-Bínú dìde dúró.

"Ojú bàbá yẹn jọ ojú kan tí mo mọ̀," ni àbúrò ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo kéré nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n rántí..."

"Má rántí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Má rántí, má sì pè é ní nǹkan kan. Kí i bí wọ́n ṣe ń kí télọ̀. Ṣé wọ́n máa ń pa èèyàn nínú géèmù yẹn?"

"Pa kẹ̀? Tòmátò la ń gbìn! Adìẹ gan-an kì í kú níbẹ̀."

Ẹ-Má-Bínú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lápá kejì, ìmí àbúrò rẹ̀ yí padà, ó sì hàn pé ó ti rántí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, máṣíìnì ti dúró. Ó gbé orí sókè. Ó ń gbọ́ wa."

"Jẹ́ kó máa gbọ́," ni Ẹ-Má-Bínú wí jẹ́jẹ́. "Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ikọ́ yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ara rẹ̀ ti yá."

Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ikọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa táyà ẹ̀yìn ọkọ̀, nípa ọ̀dà tí Ẹ-Má-Bínú fẹ́ kùn sí ilé ìdáná, nípa ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín, tó ní òun kò ní rẹ́rìn-ín mọ́ láyé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni tó ti kú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, máṣíìnì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, jẹ́jẹ́, bí ti ẹni tí kò fẹ́ kí ariwo rẹ̀ bo ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi kún.