Ìbàdí Tí Ońdè Gbà Lọ́wọ́ Okùn

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Bí o bá jẹ́ ọ̀gá tí ó ń rán ènìyàn níṣẹ́, tàbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rán, ọ̀rọ̀ Oyèdòkun kàn ọ́. Ìtàn ẹkún ni.

Agbẹ́kàǹga ni Oyèdòkun, ní ìlú Fìdítì. Láti Jobele títí dé Iware, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú tí omi kàǹga fà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n abẹ́ ibùsùn rẹ̀ kún fún oríṣiríṣi oògùn. Á ní, “Ọlọ́run ń gbọ́, àwọn tó wà nílẹ̀ náà kò dití.” Á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àṣà kan wà tí ó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó wọ kàǹga, yóò so ońdè mọ́ ọn níbàdí, oògùn tí wọ́n fi awọ dúdú rán. Èèwọ̀ ońdè náà ni pé okùn kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Nítorí èyí, a kì í so okùn ààbò mọ́ ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ Oyèdòkun. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kàǹga ni wọ́n ń tẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọn a sì fi ọwọ́ kan di okùn korobá mú. Ońdè ti gba ìbàdí lọ́wọ́ okùn.

Nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Ṣàfíù ni ó fẹ́ràn jù. Ọmọ Àwẹ̀ní ni, àbúrò Oyèdòkun lóbìnrin, tó lọ́kọ sí ilé onímàle ní Ìlọrà. Ọkọ Àwẹ̀ní ti kú, Ṣàfíù nìkan ni ọmọ tó bí. Lọ́jọ́ tó mú un wá kọ́ṣẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ojú mi kan ṣoṣo rèé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fọ́.”

“Ṣé ọmọ tèmi kọ́ ni? Dìde jàre.”

Ṣàfíù kọ́ṣẹ́, ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ Kaothar níyàwó. Bàbá ni ó ń pe Oyèdòkun.

Oyèdòkun ní ọ̀rẹ́ kan, Bàbá Ìyanu, tí wọ́n jọ ṣe kékeré. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ìbàdàn ni Bàbá Ìyanu ń lọ láràárọ̀ láti Fìdítì. Onígbàgbọ́ ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ Jésù ṣeré. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọn a máa ka ìròyìn ààbò sétí gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ìròyìn àwọn agbẹ́kàǹga kan tí èéfín ẹ̀rọ pa. Ilé Oyèdòkun ni ó gbà lọ tààrà bó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Dòkun, ẹ̀rọ tí o ń gbé sọ̀kalẹ̀ sínú kàǹga láti fa omi, jọ̀wọ́, jáwọ́ ńbẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde. Oró tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn, ojú kì í rí i. Bí èéfín bá tilẹ̀ ti pòórá, oró náà lè wà nísàlẹ̀.”

Oyèdòkun wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Àwọn tó kọ ìròyìn yẹn, kàǹga mélòó ni wọ́n ti gbẹ́ ní Fìdítì? Ìwọ tí ò ń dé àkẹtẹ̀ oníke ṣiṣẹ́, bí ẹni tí sánmọ̀ fẹ́ wó lé lórí!”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. So okùn mọ́ àwọn ọmọ yìí. Kí o sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ lé Jésù lọ́wọ́, nítorí ońdè kò lè gbani.”

“Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá Ìyanu, lọ sùn, ọkọ̀ Ìbàdàn kì í dúró de ẹni tó pẹ́ sùn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Ìlọrà ni wọ́n ti wá pè é, ilé ìyá arúgbó kan tí kàǹga rẹ̀ gbẹ, kò jìnnà sí ilé Àwẹ̀ní. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ jìn ni omi ń sun, omi náà kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ gbẹ́. Kí a máa fi korobá gbọ́n ọn, yóò pẹ́. Ẹ̀rọ náà kò sì lágbára láti fa omi látòkè. Ni Oyèdòkun bá ní kí wọ́n tẹ́ pákó sínú kàǹga, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n sì tan án. Ó fa omi náà tán, wọ́n pa á, wọ́n gbé e jáde.

Ṣàfíù yọjú wo kàǹga. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀ ná. Ojú ń ta mí.”

“Kí omi tún sun padà? Ońdè tó wà nídìí rẹ, ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni? Wọlé, ọkùnrin ni ọ́!”

Ọmọ ọlọ́mọ là á rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ṣàfíù wí bisimilááì, ó di okùn korobá mú, ó sọ̀kalẹ̀.

Oyèdòkun di okùn náà mú lókè, ó ń mọ ìwúwo ọmọ náà lára rẹ̀. Lójijì, okùn náà dẹ̀.

“Ṣàfíù!”

Ohùn tirẹ̀ ni kàǹga dá padà fún un.

Ká ní okùn wà níbàdí ọmọ náà ni, wọn ìbá fà á jáde. Ońdè ló wà níbẹ̀. Oyèdòkun bọ́ ẹ̀wù, ó fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Táòfíkì, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kejì, gbá a mú pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò: “Ẹ̀yin náà á kú síbẹ̀!” Ó ń jà, ó ń ké pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò fi gbogbo agbára jà. Inú rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Àwẹ̀ní fi dé, ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ wá fún wọn. “Ṣàfíù dà? Ẹ ní kó wá jẹun, kó má jẹ̀ẹ́ kó tutù.”

Táòfíkì na ọwọ́ sí ẹnu kàǹga.

Àwọn panápaná ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n fi ìbòjú tó ní afẹ́fẹ́ bojú, wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí ara wọn kí wọ́n tó wọlé. Oyèdòkun rí okùn yẹn. Kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin Ṣàfíù.

Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé, “Àmúwá Ọlọ́run ni.” Oyèdòkun á mirí. “Ayé ni,” ni ó ń wí. “Wọ́n rí i pé iṣẹ́ wa ń lọ, wọ́n sì ṣe wá.” Gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́. Àwẹ̀ní gan-an gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà fún olóògbé tán, Àwẹ̀ní wá bá a ní Fìdítì. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ońdè náà sí i. Awọ rẹ̀ ṣì rin.

“Bọ̀ọ̀dá mi, èyí ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní agbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí ẹni tó pa ọmọ mi.”

Oyèdòkun gba ońdè. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ó gbìyànjú láti fi ọtí pa ọ̀rọ̀ náà, kò pa á. Ó gba ilé Bàbá Ìyanu lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí pèpéle.

“Àwẹ̀ní ní kí n wádìí ẹni tó pa Ṣàfíù.”

Bàbá Ìyanu jókòó tì í.

“Èmi ni. Ọmọ náà ní ká dúró. Mo ní kó wọlé. Nígbà tí wọ́n dì mí mú, inú mi dùn pé wọ́n dì mí mú.”

“Àwọn tó dì ọ́ mú kò ṣẹ̀, òkú ìbá di méjì. Rírán tí o rán an ni ẹ̀ṣẹ̀. O sì tún ń ti ẹ̀ṣẹ̀ náà sí aráyé lọ́rùn.”

“Ṣé ìdáríjì wà fún irú mi?”

“Dòkun, ìwọ dúró lókè, o rán ọmọ ọlọ́mọ sínú kòtò. Ọlọ́run kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ gbé gbogbo wa sọ sí ìsàlẹ̀ ihò, kò wá ọmọ ẹlòmíràn rán. Ọmọ tirẹ̀ kan ṣoṣo ni ó rán. Jésù mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ wọlé. Ó kú níbẹ̀ fún wa, ó sì jí dìde.”

Oyèdòkun gbójú sókè. “Ọmọ kan ṣoṣo?”

“Ọmọ kan ṣoṣo.”

Igbe tí Oyèdòkun ké, aládùúgbò gbọ́ ọ. Ó dojúbolẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó ké pe Jésù pé kó gba òun. Ní òwúrọ̀, wọ́n jọ kó ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde, wọ́n dáná sun ún. Ońdè yẹn ni ó pẹ́ jù kó tó jóná, nítorí omi kàǹga ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó gba Ìlọrà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀.

“Àwẹ̀ní, èmi ni. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣàfíù bẹ̀ mí pé ká dúró, mo sì kọ̀.”

“Ó bẹ̀ yín?”

“Ó bẹ̀ mí.”

Àwẹ̀ní dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run ti dárí ji Oyèdòkun, ọkàn rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò jí òkú Ṣàfíù. Ilẹ̀kùn yẹn pẹ́ ní títì. Ó ń lọ, ó ń jókòó sórí àga lóde, ó ń padà. Lọ́jọ́ kan, ó bá ife omi kan lórí àga náà. Ó mu omi náà tẹkún-tẹkún.

Ó ṣì ń gbẹ́ kàǹga. Korobá ni ó fi ń gbọ́n omi, okùn sì wà níbàdí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín pé ọwọ́ rẹ̀ ti falẹ̀. Kì í bá wọn jà.

Ìwọ ọ̀gá tó ń kà á, kí ni òṣìṣẹ́ rẹ bẹ̀ ọ́ fún láàárọ̀ yìí tí o fi ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ òṣìṣẹ́, kí ni ó wà níbàdí rẹ tí okùn ìyè kò fi ráyè níbẹ̀? Ó lè má jẹ́ ońdè. Ó lè jẹ́ ìgbéraga, ó lè jẹ́ ọtí.

Má gbé ẹ̀rọ wọ kàǹga mọ́. Má sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọ sàréè. Ṣàfíù kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó fi ìrọ̀lẹ́ tòní dá ọ lójú. Ọwọ́ Jésù ṣì na okùn náà sísàlẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, ké pè é, kí o sì jẹ́ kó so ó mọ́ ọ.