Ilẹ̀kùn Gíláàsì Àjà Kẹta

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyàwó mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó gbé e sórí tábìlì, ó nu ojú, ó ní ẹ̀rọ náà ń fo: bó bá rán ojú mẹ́ta, á fo ẹyọ kan.

"Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́la," ni mo wí.

"Mi ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ mi ni, mo fẹ́ rí ohun tó ń ṣe é."

Mo wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Òdì ni ó fi sí. Orí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́ kan tó pẹlẹbẹ. Bí ẹ̀gbẹ́ yẹn kò bá kọjú síbi tó yẹ, ìkọ́ ìsàlẹ̀ kò ní rí òwú mú. Mo ṣàlàyé fún un. Kò tijú rárá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi sí i padà, ó tún yọ ọ́, títí ó fi lè ṣe é láìwò ó. Kó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Lẹ́yìn ọdún kan, a ṣègbéyàwó. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i, àmọ́ ó sọ tẹnu rẹ̀ lójú mi.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lo yá etí rẹ fún. Mi ò mọ̀ bóyá èyí tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣẹ́kù."

Màmá kò purọ́. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, ìró ẹ̀rọ nìkan ni mo ń gbọ́. Ìyàwó mi á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa ṣe hẹn-ẹn. Lọ́dún kẹta, ó fi odindi ọjọ́ mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe hẹn-ẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Alátùn-únṣe, mò ń lọ sílé ìyá mi."

"Hẹn-ẹn. Bá mi sún iná yẹn mọ́bí."

Ó sún iná náà mọ́ mi, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Ìgbà tí ebi pa mí ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá dá sí i. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun. Kì í ṣe àsìkò àlejò, yàrá pọ̀ tó ṣófo, ló bá ní kí àwa méjèèjì wá lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀.

"Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mọ́tò Màmá máa dé," ó sọ fún mi nígbà tí mo wọlé. "Bí àbúrò mi bá wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Gbé àpò yẹn wá."

Àpò irinṣẹ́ mi ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àjà kẹta ni yàrá wa. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, fáànù lókè, àti ilẹ̀kùn gíláàsì tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó kọjú sí òkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ gbogbo irin ibẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, fáànù ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Mo gorí àga kí n lè fetí sí i.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni ìyàwó mi wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. A jẹun láìsọ̀rọ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sá aṣọ tó fọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Atẹ́gùn ń fẹ́ yanrìn wọlé, ni mo bá fa ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn wa. Mo gbọ́ ìró kan: kó.

"Kí nìyẹn?"

"Ìkọ́ ilẹ̀kùn ló já bọ́ sójú ihò rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó ti tì wá mọ́ta."

"Tún un ṣe nígbà náà."

"Irinṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"O ṣeun. Fóònù mi àti tìrẹ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

A pariwo títí, òkun gbé ohùn wa lọ. Mo padà wo ilẹ̀kùn náà dáadáa. Irú rẹ̀, ojú irin méjì ló máa ń dúró sí, ti òkè máa ń jìn ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Irin kékeré kan ló máa ń wà lókè tí kì í jẹ́ kéèyàn lè gbé e. Iyọ̀ ti jẹ èyí, ó ti já dànù. Bí mo bá di gíláàsì náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí mo gbé e sókè, tí mo fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, odindi ilẹ̀kùn á yọ, tòun ti ìkọ́.

Mo ti na ọwọ́ sí i nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ó kéré tán, kò sí ẹ̀rọ níbí tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ká ọwọ́ mi kò. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ọ̀rọ̀ wo lo ń bá mi sọ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn?"

"O ò tiẹ̀ mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi, sọ ọ́ fún mi."

Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mi.

"Mo lọ sí ọsibítù. Èmi nìkan. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí oyún. Dókítà ní nǹkan kan wà tó ń dí i lọ́wọ́, ó ní ó ṣeé tọ́jú, àmọ́ kí ọkọ mi bá mi wá. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé, o ní hẹn-ẹn. Mo tún un sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo ní mo ti ń lọ o, kí o máa bọ̀, o ní hẹn-ẹn. Mo dá jókòó síbẹ̀ títí di aago kan."

Ojú tì mí.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́?" ni mo bi í nígbà tó yá.

"Nígbà mìíràn."

"Níbo?"

Ó fi ibẹ̀ hàn mí. Mo bi í ní ohun tí wọ́n máa ṣe, ó ṣàlàyé. Èyí tí kò yé mi, mo ní kó tún un sọ.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Nígbà náà ló sunkún, mo sì gbá a mọ́ra. Oòrùn ti yí kọjá ilé kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Mo ní kó sún díẹ̀. Mo gbé ilẹ̀kùn náà sókè, mo yọ ọ́, mo fi ti ògiri.

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí n tó jókòó."

"Nǹkan bàjẹ́ níwájú rẹ, o mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, o wá jókòó?"

"Mo jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá rò ó fún mi, mi ò ní gbà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mọ́tò dé. Màmá fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, mò ń bá ọkọ mi lọ," ni ìyàwó mi wí.

"Ó ti fẹnu dídùn tàn ọ́."

"Rárá o, Màmá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá sọ?" Èmi ló kọjú sí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ohun tí dókítà rí, ibi tó ń dùn ún, ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe, àti pé a máa padà lọ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá.

"Ẹ̀rù sì ń bà á, Màmá. Ó ní kí n má sọ ìyẹn fún yín."

Ìyàwó mi já mi ní èékánná. Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kò sọ ìyẹn fún mi," ó ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Ẹ wọlé, ilé yín la ó kọ́kọ́ yà. Bí o bá pẹ́ ní Ọjọ́rú, èmi ni màá wá wọ́ ọ jáde."

Ní Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ la ti jókòó ní ọsibítù. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ọmọdé ń ké, wọ́n ń ti àwọn aláìsàn kọjá lórí àga onítáyà. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ ìyàwó mi jẹ́jẹ́. Òun kò gbọ́. Èmi ni mo gbọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì dìde.