Ewé Oko Rosalie

Iná kò tíì ràn mọ́ ìdí ìgò náà dáadáa, síbẹ̀ òórùn koríko ọba ti gba gbogbo yàrá àyẹ̀wò. Brigitte, obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò níbẹ̀, fọwọ́ kan ìgò. Ó tutù bí òkúta.

"Kamarádì, ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni?" Bachirou ló sọ bẹ́ẹ̀, olórí ìgbìmọ̀ ìjọba Kamarádì tí wọ́n gbé wá láti Parakou lóṣù tó kọjá.

Ọmọ kan ló kú ní Adido lẹ́yìn tó mu tíì ewé yìí. Bachirou fẹ́ kí Brigitte kọ ọ́ sílẹ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè kéde pé àjẹ́ ni Rosalie tó gbìn ín, kí wọ́n sì sun oko rẹ̀. Kò mọ̀ pé Rosalie ni ìyá Brigitte. Ọjọ́ kẹrìndínlógún rè é tí wọ́n sin Rosalie sí Bessé.

Omi hó níkẹyìn. Òróró ewé léfòó, ó pọ́n bí oyin. Brigitte kán ẹ̀kán kan sórí awo dígí funfun, ó kán òróró koríko ọba tí wọ́n rà lọ́jà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé awo náà dúró sínú kẹ́míkà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ohun tó para pọ̀ di òróró ń gun awo, oníkálukú dúró ní ipele tirẹ̀. Méjèèjì bára mu, àmì fún àmì.

"Kò sí májèlé."

"Kọ ọ́ pé ó wà. Òkú kì í pẹjọ́."

"Ọmọ Rosalie wà láàyè. Èmi ni. Ta ló tilẹ̀ já ewé yìí fún yín? Ní Bessé, a kì í já ewé lóko olóògbé kí ogójì ọjọ́ tó pé."

Bachirou rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà kan ni mo bá lóko. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ tó fi já a, tó dì í. Ó ní kí n gbé e fún obìnrin yàrá àyẹ̀wò, pé ó mọ ohun tó máa kọ." Ó na ọwọ́ òsì. "Ìka méjì ni kò sí lọ́wọ́ òsì ìyá náà..."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rí ojú Brigitte.

Brigitte fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ funfun wé ọwọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ oníka mẹ́ta náà, nínú pósí.

Ó fa bébà mọ́ra. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Kò sí májèlé.* Ó fọwọ́ sí i: *Brigitte, ọmọ Rosalie.* Ó tì í sí iwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ gba oko kọjá, Kamarádì. Bí ẹ bá bá ìyá mi níbẹ̀, ẹ ní mo ti kọ ọ́."