Dùùrù Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Oyinadé ti di ẹrù rẹ̀ tán kí ìyá rẹ̀ tó ti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ dé. Àpò méjì ni, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àwọn gan-an ló kánjú. Ìyá rẹ̀ dúró láàárín yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ní Agége, ìyẹ̀fun ṣì wà ní irun iwájú rẹ̀. Ó wo àpò, ó wo ọmọ.

“Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Oyin. O ti fi ìdí dùùrù ìjọ sílẹ̀, o ti lọ gba ìwé ìrìnnà, o tún fẹ́ kúrò nílé. Ta ló ń lé ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màámi. Ṣé kí n wá jókòó síbí títí irun mi á fi funfun ni?”

“Tèmi náà funfun níbí, ìyẹ̀fun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun la sì fi tọ́ ẹ. Máa lọ. Ṣáà máa pè mí.”

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Oyinadé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ló ti ń tẹ dùùrù ní ìjọ Aládúrà wọn tó wà lẹ́yìn ojú irin. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó ń wò, ó ń tẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ní ìjọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé á kàn ṣí ẹnu ni, á gbé orin níbi tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá bọ́ sí. Bó lọ sókè bí igbe, bó wálẹ̀ bí ìkùnsínú, ẹni tó wà nídìí dùùrù ni yóò sáré wá a kàn. Kí olórin tó pe ọ̀rọ̀ kẹrin, Oyinadé á ti bá a, gbogbo ìjọ á sì hó.

Àṣírí rẹ̀ kò ju bọ́tìnnì kékeré kan lọ. Dùùrù oníná ni ti ìjọ, bọ́tìnnì yìí sì wà lápá òsì rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohùn inú dùùrù á gòkè tàbí kó wálẹ̀, ìka ò sì ní kúrò níbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn méjìlá ló wà tí èèyàn lè gbé orin sí. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìka Oyinadé mọ̀, èyí tó gba orí àwọn ibi títẹ̀ dúdú ojú dùùrù kọjá. Bọ́tìnnì ló ń bá a ṣe mọ́kànlá yòókù.

Bọ̀dá Moses, tíṣà ará Èkìtì tó ń darí akọrin, ti sọ̀rọ̀ títí. Ó ní kó máa wá ní Ọjọ́bọ̀ kí òun kọ́ ọ. Oyinadé ní òun ò ráyè, ó tún bi í bóyá etí ẹnì kan nínú ìjọ gbọ́ ìyàtọ̀ rí. Bọ̀dá Moses mi orí.

“Etí wọn ò gbọ́ ọ. Ìka rẹ ló máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.”

Níbi ìkórè ìjọ ni Jọkẹ́, akọrin ẹgbẹ́ kan tó ń ṣeré ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà, ti rí Oyinadé. Ó mú un lọ bá Ọ̀gá Fọlábí tó ni ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ dùùrù lọ sí Gánà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fọlábí gbọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ó lè tẹ gbogbo ohùn méjèèjìlá?

“Gbogbo wọn, sà,” ni Oyinadé wí. Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́.

Bó ṣe kó lọ sílé Jọkẹ́ ní Ọgbà, kó lè sún mọ́ ibi ìfidánrawò, nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde, á wo àwòrán ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, á tún dá a padà sínú àpò. Níbi ìfidánrawò, áńkáṣíìfù ló máa ń tẹ́ sórí bọ́tìnnì dùùrù ẹgbẹ́, á ní òógùn ló ń da òun láàmú, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fura.

Sátidé tó ṣáájú ìrìn-àjò, ọkùnrin tó pè wọ́n sí Gánà wọ̀lú, ó sì fẹ́ gbọ́ wọn níbi oúnjẹ ọ̀sán ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbé dùùrù wá, àwọn ti ra tuntun. Tuntun ni lóòótọ́: píánò onígi ńlá, dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Oyinadé jókòó sídìí rẹ̀. Ó wo apá òsì. Ó wo apá ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá Láolú,” ó rọra pe ẹni tó ń ta gìtá, “níbo ni wọ́n ti ń tan èyí?”

Ẹ̀rín pa Láolú títí tó fi di ògiri mú. “Tan kí ni? Ṣé o rí wáyà lára rẹ̀ ni? Igi àti irin ló wà níbẹ̀, àbúrò. Ọwọ́ ẹ ni iná rẹ̀.”

Jọkẹ́ gbé orin. Ìka Oyinadé gba ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ lọ. Orin àti dùùrù wá dà bí ẹni méjì tó gbé bẹ́ẹ̀dì lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kan ń fà á wọlé, tí èkejì ń fà á jáde. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àlejò ará Gánà gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. Fọlábí yíjú padà, ó ń wò ó, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Òótọ́ wà létè Oyinadé. Ó gbé e mì.

“Ọwọ́ mi ni, sà. Ó rọ́ lánàá, nígbà tí mo ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.”

Jọkẹ́ wò ó, ó yé e pé irọ́ ni, ó sì gbójú kúrò.

Ká ní Fọlábí bínú ni, ọ̀rọ̀ ì bá yá. Àánú ló ṣe é. Òun àti Láolú fi gìtá parí eré, inú àlejò sì dùn. Bí wọ́n ṣe ṣe tán, ó gbé Oyinadé lọ sí ọsibítù fúnra rẹ̀. Ibi tí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀, Oyinadé á ní ibẹ̀ gan-an ni. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà, ó ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́ ni wọn yóò lò ní Gánà. Fọlábí ní kó fọkàn balẹ̀, òun ò ní tìtorí eré ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, òun á mú Ọláfẹ́mi, ẹlòmíràn tó mọ dùùrù tẹ̀, dípò rẹ̀. Kí ni Oyinadé fẹ́ sọ? Bó bá ní ọwọ́ òun ò dun òun, a jẹ́ pé ó ti tú ara rẹ̀ fó.

Nílé, Jọkẹ́ ní kó panu mọ́. Tí àwọn bá fi máa padà dé, ọwọ́ á ti san, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Oyinadé fi báńdéèjì náà jẹun, ó fi wẹ̀, ó fi sùn, ó ń họ ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, tí wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀ níwájú ilé Fọlábí, ó rìn dé iwájú ọ̀gá, ó sì tú báńdéèjì náà lójú gbogbo wọn.

“Ọwọ́ mi ò rọ́, sà. Ohùn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bọ́tìnnì ni mo fi ń ṣe ìyókù.”

Láolú ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Fọlábí gba báńdéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Dùùrù oníná la máa lò ní Gánà,” ló wí. “Ó ti wà nínú ọkọ̀. Bọ́tìnnì tó ò ń wí yìí, èmi náà lò ó fọ́dún mẹ́rin kí n tó kọ́ ìyókù. Ká ní o sọ fún mi ní Sátidé, ǹ bá ní kí Jọkẹ́ gbé orin lọ síbi tí ìka ẹ wà, à bá sì jọ wọ ọkọ̀ yìí lónìí.”

“Ṣé àyè ò sí mọ́, sà?”

“Ọláfẹ́mi ti jókòó sí i.”

Lóòótọ́, Ọláfẹ́mi wà lójú fèrèsé. Kò mọ ohun tó ń lọ, ó juwọ́ sí Oyinadé.

“Tí a bá dé, wá bá mi,” ni Fọlábí wí. “Màá gbọ́ ọwọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi ẹ́ ní ìbéèrè, má bínú sí mi tí mo bá tún bi ẹlòmíràn lẹ́yìn ẹ. Ìwọ lo fà á.”

Ọkọ̀ gbéra. Oyinadé dúró títí eruku rẹ̀ fi lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé-ìwé, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ yìí rò pé bí wọ́n bá mọ ohun tí òun ò mọ̀, wọn yóò lé òun. Ohun tí kò mọ̀ kò lè lé e. Ọ̀gá rẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ rí, kì bá sì ti tìtorí rẹ̀ lé e. Irọ́ tó fi bò ó ló gba àga lábẹ́ ìdí rẹ̀, tó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ojú á tì yín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ óò sì wọ ọkọ̀.