Dúdú Ọwọ́ Heidrun

Ìyẹ̀fun ti kun Eberhard láti irun dé irùngbọ̀n lọ́jọ́ tó wa ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ wọ ọgbà mẹkáníìkì ní Reutlingen, nílẹ̀ Jámánì. Ẹ̀rín pa Heidrun, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ní tirẹ̀ dúdú dé ìgùnpá, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ asẹ́ tó ń gba dúdú inú èéfín epo dísù kó tó jáde síta.

"Ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn ni, àbí ìwọ?"

"Ọkọ̀ ni. Kò fẹ́ sáré mọ́."

"Ibo lo máa ń wà á lọ?"

"Ìsọ̀ búrẹ́dì sí ọjà. Kò jìnnà."

"Ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ọ̀nà jíjìn ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, ooru yẹn ló sì ń jó dúdú inú asẹ́ dànù. Ìwọ ń rá pálá láàárín ìgboro, asẹ́ dí."

"Mi ò mọ ọ̀nà jíjìn kankan. Wá sìn mí."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sí etí adágún Bodensee lọ́jọọjọ́ Àìkú nìyẹn. Asẹ́ mọ́, àwọn méjèèjì sì di kòríkòsùn, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

Àmọ́ Màmá Mechthild, ìyá Eberhard, yarí kanlẹ̀. "Ọwọ́ dúdú yẹn ò ní kan ìyẹ̀fun mi láéláé!" Ọmọ kan ṣoṣo ni Eberhard, kò lè kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó yẹra. Heidrun sunkún, kò sì tijú ẹkún náà.

Nígbà tí ọkọ̀ ò rí ọ̀nà jíjìn mọ́, asẹ́ tún dí. Tìyá tọmọ ló gbé e wá. Heidrun fọ asẹ́, ó tan ọkọ̀, ó tọrọ áńkáṣíìfù funfun ọwọ́ Màmá, ó sì fi bo ẹnu páìpù èéfín. Funfun ló ṣì wà nígbà tó ṣí i.

"Dúdú ọ̀hún wá dà?"

"Ọwọ́ mi ló wà, Màmá. Kí ọmọ yín má baà fà á símú ni."

Màmá wo ọwọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, oríire ni dúdú ara ẹni tó ń gbá ihò èéfín orí òrùlé. Ìyàwó tuntun a máa sáré lọ fọwọ́ kàn án. Màmá náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀.

Ó mú ìka Heidrun, ó fi fa ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti kùn mí lójú!"

"Dákẹ́ jàre. O ò gbọdọ̀ nù ún àfi tó o bá bi ọmọbìnrin yìí ní ohun tó yẹ."

Eberhard bi í.

"Mo gbà," ni Heidrun wí, "àmọ́ ọ̀nà jíjìn la máa gbà délé."